Ibi Tí Wáìnì Faransé Ti Wá Ni Orúkọ Rẹ̀

Ẹni tó ń ra gàrí Ìjẹ̀bú kì í béèrè irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe é. Bó bá ti gbọ́ Ìjẹ̀bú, ó ti mọ̀ pé gàrí náà á kan, á gbẹ dáadáa, á sì kúná. Orúkọ ibi tó ti wá ti sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. Bí àwọn Faransé ṣe ń sọ wáìnì wọn lórúkọ gan-an nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ èyí, ìwé ara ìgò wọn kò ní dẹ́rù bà á mọ́.

Lára wáìnì South Africa tàbí ti Chile, ẹ máa rí Merlot, Chardonnay tàbí Cabernet Sauvignon gàdàgbà. Orúkọ èso àjàrà nìyẹn. Lára ti Faransé, Chablis, Sancerre, Pomerol, Beaujolais lẹ máa rí, orúkọ ilẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ka Chablis ti mọ̀ pé Chardonnay ni. Sancerre funfun, Sauvignon Blanc ni. Beaujolais pupa, Gamay ni. Ní Pomerol, Merlot ló máa ń pọ̀ jù. Àwọn ará Alsace, tó wà lẹ́bàá ààlà Jámánì, ló ya ara wọn sọ́tọ̀: wọ́n máa ń kọ orúkọ àjàrà bíi Riesling sára ìgò.

Òfin ló dúró lẹ́yìn àwọn orúkọ wọ̀nyí, ìjà ló sì bí òfin náà. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera jẹ gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Faransé débi pé ọtí di ọ̀wọ́n. Ayédèrú wá gbòde, àwọn oníṣòwò kan sì ń fi orúkọ ibi tó lókìkí ta ọtí tí kò ti ibẹ̀ wá. Nígbà tó di 1911, àwọn àgbẹ̀ Champagne fárígá. Wọ́n ní èso àjàrà tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni àwọn oníṣòwò fi ń ṣe ọtí tí wọ́n ń pè ní Champagne. Wọ́n ya wọ ilé ọtí, wọ́n da ọtí sílẹ̀, wọ́n sì dáná sun ilé ní ìlú Aÿ. Lápá gúúsù, àwọn àgbẹ̀ Châteauneuf-du-Pape gba ọ̀nà tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Baron Pierre Le Roy, tó jẹ́ amòfin, ló ṣáájú wọn láti ọdún 1923 tí wọ́n fi gbé ìlànà kalẹ̀: irú àjàrà tó tọ́, bó ṣe yẹ kí ọtí náà lágbára tó. Wọ́n tiẹ̀ ní ilẹ̀ tí ewé thyme àti lavender lè hù sí ló yẹ fún un. Ní 1935, ìjọba sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Châteauneuf-du-Pape sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba orúkọ lábẹ́ rẹ̀ ní 1936.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ìgò, gbólóhùn tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wá ni Appellation d'Origine Contrôlée tàbí Protégée. Nígbà mìíràn, orúkọ ibẹ̀ á wà láàárín rẹ̀, bíi Appellation Sancerre Contrôlée. Èyí tó tẹ̀ lé e ni IGP, bíi Pays d'Oc, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí òfin rẹ̀ kò sì le tó ti àkọ́kọ́. Vin de France ló kẹ́yìn: ibikíbi ní Faransé ni àjàrà rẹ̀ ti lè wá. Àwọn àgbẹ̀ kan tó mọṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ yan Vin de France kí òfin má bàa dí wọn lọ́wọ́, ẹ má fojú burúkú wo gbogbo rẹ̀.

Bourgogne ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Bí ìgò bá kọ Bourgogne nìkan, àjàrà rẹ̀ lè wá láti ibikíbi lágbègbè náà. Bó bá kọ Gevrey-Chambertin, ìlú kan ni. Bí Premier Cru bá tẹ̀ lé e, oko tó dáa ju àwọn yòókù lọ nílùú yẹn ni. Bó bá wá jẹ́ Chambertin Grand Cru, oko kan ṣoṣo ni, kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 13 lọ. Ẹ kíyè sí i pé Chambertin, tí orúkọ rẹ̀ kúrú, ló wọ́n ju Gevrey-Chambertin lọ. Gevrey ni ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1847 ló fi orúkọ oko rẹ̀ tó lókìkí kún tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Bí ibi tí wọ́n dárúkọ bá ṣe kéré tó ni ìlérí rẹ̀ ṣe lágbára tó.

Ní Bordeaux, Grand Vin de Bordeaux kò fi ipò kankan hàn lábẹ́ òfin. Grand Cru Classé en 1855 ló nípò. Napoléon III, olú-ọba Faransé nígbà náà, ló ní kí wọ́n to àwọn ọtí náà lẹ́sẹẹsẹ nítorí ìpàtẹ ńlá ìlú Paris, ìpele márùn-ún sì ni wọ́n pín àwọn pupa sí. Láti ìgbà náà, Mouton Rothschild nìkan ni wọ́n gbé sókè ní ìpele, ní 1973. Ẹ tún wo Mis en bouteille au château: ibi tí wọ́n ti ṣe ọtí náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò. Vieilles Vignes ń sọ pé igi àjàrà ti dàgbà, ṣùgbọ́n òfin kò sọ iye ọdún tó gbọ́dọ̀ pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra Champagne fún òde àríyá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dùn, Demi-Sec ni kẹ́ ẹ wá. Brut kò dùn, ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Extra Dry, láìka bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí sí, dùn ju Brut lọ. Lẹ́tà kéékèèké kan tún wà nísàlẹ̀: RM ni pé àgbẹ̀ ló fi àjàrà oko ara rẹ̀ ṣe é, NM ni pé iléeṣẹ́ tó ń ra àjàrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ṣe é.

Bí wọ́n bá dá owó gọbọi lé ìgò kan, tí ẹ wò ó títí tí ẹ kò rí ju orúkọ agbègbè ńlá kan lọ, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á sọ ohun tó mú un wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.