Irun Mi Ò Mọ Nọ́ńbà

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Atlanta, mo wọ ṣọ́ọ̀bù nǹkan irun kan ní Decatur, ọmọdébìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni irun mi. Nọ́ńbà bàtà ni mo mọ̀ ní tèmi. Ó wò mí lórí láti ẹ̀yìn káńtà, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní 4C ni. Ló bá gbé agolo ìpara kan fún mi, ìpara tó ki bí ẹ̀kọ tútù. Dọ́là 28.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kùn ún, tí mo tún ń fi òrí àti òróró àgbọn lé e. Òkè irun ń dán bí ìgò, inú rẹ̀ gbẹ. Bí mo bá ti fi òòyà kàn án, á máa já wẹ́wẹ́ sínú bàsíà.

Andre Walker, tó ń ṣe irun fún Oprah Winfrey nígbà náà, ló gbé nọ́ńbà yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Irun tó nà gbọọrọ ni 1, èyí tó ń rú bí ìgbì omi ni 2, èyí tó ká bí òrùka ni 3, èyí tó ká mọ́ra pinpin bíi tiwa ni 4. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ bó ṣe ká tó. C tó tẹ̀ lé 4 yẹn gan-an, àwọn tó ń lò ó ló fi kún un nígbà tó yá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Àmọ́ kíká irun nìkan ló ń sọ, kò sọ bóyá irun náà ń gbomi.

Ìyá onídìrí kan ní Stone Mountain, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló là mí lójú. Ó fi ọṣẹ fọ irun mi lẹ́ẹ̀mejì, kò fi nǹkan kan pa á, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó wá fi ìgò fín omi sí i. Omi náà dúró róbótó-róbótó lórí irun, bí ìrì lórí ewé kókò. A jọ ń wò ó, kò wọlé.

"Ọmọ mi, o rí i? Irun ẹ ò tètè gbomi. Gbogbo òrí tó ò ń kùn yẹn, ara ilẹ̀kùn títì lo ń kùn ún sí."

Ara fọ́nrán irun ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Tèmi lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, ìdí nìyẹn tí nǹkan kì í fi í wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti fìlà oníná ló ń jẹ́ kí ó ṣí díẹ̀, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bá a mu. Ìpara tó ki kàn ń jókòó sórí rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin mi ńkọ́? Ó ti bó irun tirẹ̀, ó sì pa á láró pupa, àwọn ìpẹ́ yẹn ti gbéra sókè. Kí n tó gbé ìgò omi sílẹ̀, omi ti wọlé tán. Kí a tó jẹun tán, ó ti gbẹ. Irun rẹ̀ ló nílò òrí, kí omi má baà sá. Bẹ́ẹ̀ 4C kan náà ni wọ́n máa pe àwa méjèèjì o.

Láti mọ̀ bóyá irun ń gbomi, àwọn kan ní kí èèyàn ju fọ́nrán irun sínú ife omi, kó wò ó bóyá á rì. Mi ò gbà á gbọ́. Irun tó bá gbẹ lè léfòó lásán, pàápàá tí òróró bá wà lára rẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ò sì sọ bí fọ́nrán ṣe nípọn tó. Ẹ mú fọ́nrán kan tó já, kí ẹ fi ìka méjì yí i. Bí ẹ kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, irun yín tín-ín-rín, ẹ sọ fún onídìrí kó má fa ṣùkú le. Tèmi rí bẹ́ẹ̀ níwájú. Ti ìpàkọ́ nípọn, ó sì ká jù ú lọ. Orí kan ṣoṣo o! Ojú ọjọ́ náà tún ń dá sí i: ìgbà ooru Atlanta rin bíi ti Èkó, àmọ́ bí òtútù bá dé tí a tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ọyẹ́ ti wọlé nìyẹn.

Ìyá mi n'Íbàdàn kò fún irun ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà. Á wọ́n omi, á fi àdín pa á, á fi òwú kó o. Irun á nà láìfojú kan iná. Ní Atlanta níbí, níbi tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Bronner, àwọn oníṣòwò nǹkan irun, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn onídìrí jọ lọ́dún 1947, agolo pọ̀ lórí àtẹ débi pé ọwọ́ èèyàn kì í ráyè kan irun ara rẹ̀.

Mo gbé agolo dọ́là 28 yẹn fún ọmọ mi. Ní Sátidé tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀: "Mọ́mì, ó ti tán o."