Omi Ló Ń Sọ Adùn Ọtí: Ẹ Mọ Omi Kànga Yín Kí Ẹ Tó Pọn Bíà

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọlọ́jà Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti òtíkà, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà kíkorò nílé jù. Ọkà wọ́n, òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní hops, òkè òkun ló ti ń wá. Bí ọtí bá bàjẹ́, owó ọjà ló wọlẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bíà, omi ni.

Omi tó mọ́ gaara pàápàá ní iyọ̀ inú ilẹ̀ nínú. Sulphate ń mú kí ìkorò hops dá ṣáká lẹ́nu. Chloride ń mú kí adùn ọkà rọ̀, kó kún ẹnu. Calcium ń ran ọkà tí a rẹ sínú omi gbígbóná lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ dáadáa. Bicarbonate ní tirẹ̀, bó bá ti pọ̀ jù, ìkorò á le, á máa fa ahọ́n.

Ní Burton-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi kànga ibẹ̀ ń gba inú òkúta gypsum kọjá, ìyẹn ló fún wọn ní sulphate. Bíà kíkorò wọn lókìkí káàkiri ayé láyé àtijọ́. Ní Plzeň nílẹ̀ Czech, omi wọn rọ̀, láti 1842 ni wọ́n sì ti ń fi pọn bíà aláwọ̀ wúrà. Oníkálukú mọ omi rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ wa, kì í ṣe òkúta ẹfun bíi ti Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Síbẹ̀, kànga kan ò jọ èkejì. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ gé ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí i (kì í ṣe ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú), ẹ mì í. Bó bá hó dáadáa bí omi òjò, omi rírọ̀ ni. Bí kò bá hó, tí ìdí kẹ́tù yín sì ń ní èépá funfun, omi líle ni. Ẹ sè é, ẹ jẹ́ kó tutù, kí èépá silẹ̀, kí ẹ wá rọra da ti òkè lò. Omi tó ń sọ aṣọ funfun di pupa, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi pọn ọtí rárá.

Bí omi bá rọ̀, gírámù 5 gypsum nínú lítà 20 ń fi nǹkan bíi míligírámù 140 sulphate kún lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Àpọ̀jù iyọ̀ ní í ba ọbẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pọn lítà 5 pẹ̀lú omi lásán, lítà 5 mìíràn pẹ̀lú gírámù kan àti díẹ̀, kí ẹ tọ́ méjèèjì wò.

Ẹ ṣọ́ra o! Gypsum tí a ń jẹ ni kí ẹ rà. POP àwọn kọ́lékọ́lé àti ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má sì dá kánún sí i: iṣẹ́ bicarbonate gan-an ni kánún ń ṣe, á ba ìkorò jẹ́. Omi ẹ̀rọ tó ń rùn bí oògùn, ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú tàbí kí ẹ sè é, nítorí chlorine inú rẹ̀ ń mú kí bíà rùn bí oògùn ọsibítù.

Ẹni tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò nílò gypsum, omi mímọ́ ló nílò. Ẹni tó bá sì fẹ́ di bíà sígò fún títà, kó kọ́kọ́ lọ bá NAFDAC.

Ẹni tó da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjà á tà o, àwìn ò ní pa wá.