Àkàbà Iṣẹ́ Ọwọ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, yálà ní Kánò ni tàbí ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ bá lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ aránṣọ tí kò sì lè dá bùbá gé, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má jẹ́ ti orí rẹ̀ rárá.

Bùbá rírán kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àkójọ iṣẹ́ kéékèèké ni. Ẹni tí yóò gé aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè wọn ènìyàn. Ẹni tí yóò wọn ènìyàn gbọ́dọ̀ lè ka tépù, kí ó sì mọ bí a ti í pín iye tí ó kà sí méjì àti sí mẹ́rin. Kí ó tó rán ọrùn tí ó yípo, ó gbọ́dọ̀ ti lè rán ìlà gbọọrọ. Kí ó tó rán ìlà gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ bí a ti í tẹ ẹ̀rọ tí kì í fi í yí sẹ́yìn. Nítorí náà ni ọ̀gá tí ó mòye fi ń fún ọmọ tuntun ní bébà tí a fa ìlà sí, kí ó máa fi abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú tọ̀ ọ́. Bébà kò wọ́n bí àǹkárá.

Bí ọ̀gá bá jẹ́ Haúsá, èdè rẹ̀ pàápàá wà lára àkàbà náà. Lóòótọ́, àlùmọ́gàjí wa kò jìnnà sí almakashi tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ pé allura ni abẹ́rẹ́ yóò kàn dúró bí ère ni.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1868, Victor Della-Vos, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Mọ́sìkò, bẹ̀rẹ̀ sí tú iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti káfíńtà sí wẹ́wẹ́, ó sì tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gun ìpele kejì láìmọ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Philadelphia ní 1876, John Runkle, ààrẹ MIT ní Amẹ́ríkà, rí i, ó sì mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ bẹ ọ̀gá kí ó ka àwọn ìpele iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Ní oṣooṣù, ẹ bi ọmọ léèrè ibi tí ó dé. Bí ó bá kùnà, ẹ má ṣe tètè bú u. Ẹ wo ìpele tí ó fò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.