Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ìbò, kó má túmọ̀ òfin

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá France Road, ní Sabon Gari, Kánò, ẹ mọ bí ìpàdé ṣe máa ń gbóná tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yí òfin padà. Peter Suber, ará Amẹ́ríkà, sọ irú rẹ̀ di eré lọ́dún 1982. Nomic lorúkọ rẹ̀: ẹni tó kàn yóò dábàá òfin, gbogbo wọn yóò dìbò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní kí kọ̀ǹpútà ka ìbò, kó sì yí òfin padà fúnra rẹ̀. Ìyẹn yá. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé lórí ìtumọ̀ òfin, Suber ní kí ọ̀kan nínú wọn ṣe adájọ́. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀rọ lè bá yín kàwé ìbò. Ẹnu àgbà ni kó parí ìjà.