Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn àjèjì tó jà fún ilẹ̀ Faransé

Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1940, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nìkan ló kọ̀ láti túúbá.

Ọmọ Guinea ni Addi Bâ, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ sójà Faransé. Àwọn Jámánì mú un nígbèkùn, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Vosges sì gbà á mọ́ra. Ọkùnrin yìí ì bá fara pamọ́ títí ogun yóò fi parí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1943, òun àtàwọn kan dá ibùdó sílẹ̀ nínú igbó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún iṣẹ́ tipátipá ní Jámánì. Ọwọ́ àwọn Jámánì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá a lóró, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Épinal lọ́jọ́ 18, oṣù Kejìlá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Missak Manouchian, ọmọ Armenia tí ìpakúpa sọ di òrukàn, ṣe darí àwọn ajàjàgbara ní Paris. Wọ́n pa á ní oṣù Kejì, 1944. Àwọn ará Sípéènì tí olórí ìjọba wọn, Franco, lé nílùú sì wà lára sójà tó kọ́kọ́ wọ Paris lóṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ọdún 2003 ni Faransé tó fún Addi Bâ ní àmì ẹ̀yẹ. Ó pẹ́ jù.