Òkúta Tó Ń Wó Ilé Ara Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ iná. Àkànní, ti igi kan sí i, ṣùgbọ́n má fẹ́ eérú sí mi lójú. Mi ò ní í sọ ti ìjàpá lálẹ́ òní. Òkúta kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, tó ń wó ilé ara rẹ̀ láti inú, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ ariwo.

Ní 1828, Morten Thrane Esmark, ọmọ ilẹ̀ Norway tó padà di àlùfáà ìjọ, rí òkúta dúdú kan ní erékùṣù Løvøya nítòsí Brevik. Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀, Jens Esmark, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òkúta ni; òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó fi í ránṣẹ́ sí Berzelius ní Stockholm, àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́místírì nígbà yẹn. Berzelius tú òkúta náà palẹ̀, ó rí èròjà tuntun nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní thorium, nítorí Thor, òrìṣà àrá ilẹ̀ wọn. Àwọn náà ní Ṣàngó tiwọn. Òòlù ni tọ̀hún ń gbé dípò oṣé.

Orúkọ yẹn gan-an, Berzelius ti fi sọ nǹkan mìíràn rí ní 1815. Ó tó nǹkan bí ọdún 10 kó tó mọ̀ pé yttrium ni, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sọ orúkọ náà nù. Ó fi pa mọ́ de ọmọ tòótọ́. Ní 1851, Bergemann ní Jámánì yẹ irú òkúta yìí tó ní àwọ̀ ọsàn wò, ó ní òun rí èròjà tuntun, ó pè é ní donarium, nítorí Donar, òrìṣà àrá àwọn ará Jámánì àtijọ́. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, thorium náà ni! Àrá ò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Thorite ni wọ́n ń pe òkúta náà. Thorium ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú silicon àti oxygen, àwọn méjì tó para pọ̀ di yanrìn odò. Àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi ń gbé e sórí tábìlì kí Schmidt ní Jámánì àti Marie Curie ní Paris, kálukú lọ́tọ̀, tó rí i ní 1898 pé thorium ń ta ìtànṣán tí ojú kò rí.

Ẹ rántí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ Ilé, bó ṣe dán oògùn àrá wò tí àrá sì ya lu ààfin òun fúnra rẹ̀? Ohun tó ń ṣe thorite nìyẹn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì nínú ilẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí bíríkì ara ògiri. Àmọ́ bí átọ́ọ̀mù thorium kan bá ti fọ́, ṣe ló dà bí ìbọn ṣakabùlà: ọta lọ síwájú, ìdí ìbọn ta ọdẹ léjìká. Títa sẹ́yìn yẹn ló ń bàjẹ́ jù, nítorí ó ń ṣí àwọn aládùúgbò nípò lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta ṣì dúró lóde. Nínú, àlàpà ni.

“Bàbá, ṣé yóò jó tán?”

Ó ṣì jìnnà! Ọdún bílíọ̀nù 14 ni ìdajì thorium fi ń fọ́ lọ di òjé. Ayé tí a wà yìí ò tíì ju bílíọ̀nù 4.5 lọ.

Thorite sì ní ìkejì. Huttonite, tí wọ́n rí nínú yanrìn etíkun New Zealand, èròjà kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí wọ́n ṣe to bíríkì wọn nìkan ló yàtọ̀. Ilé Kẹ́hìndé kì í wó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ jẹnẹrétọ̀, ẹ ò mọ àtùpà gáàsì. Òun la fi ń ṣe àríyá òru nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọ̀n funfun kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan án lẹ́ẹ̀kan, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́, torí á rún wómúwómú. Carl Auer von Welsbach, ará Austria, ló ṣe irú èyí tó mọ́lẹ̀ rekete: thorium ìdá 99, cerium ìdá 1, nínú ọgọ́rùn-ún. Thorite ò pọ̀ tó láti bọ́ gbogbo àtùpà ayé, yanrìn etíkun India àti Brazil tó ní thorium nínú ni wọ́n gbára lé. Bahia wà lára ibẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń bọ Ṣàngó títí dòní. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Yttrium ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àwọ̀n náà ń lò báyìí, yttrium tí Berzelius ṣì mú ní thorium níjọ́sí. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ lè ṣì wà lókè àjà. Àkànní, bí o bá rí i níbẹ̀, má rún un, má sì jẹ́ kí eruku rẹ̀ wọ imú rẹ. Fi í sílẹ̀, kí o wá pè mí.