Ẹja Mẹ́tàlá Nínú Táńkì Kan: Bí Mo Ṣe Pa Ẹja Àbúrò Mi

Àwọn àgbà ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ èèyàn ni wọ́n ń bá wí o. Èmi lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹja, ojú mi sì rí tó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi owó ọdún pa mọ́ sínú kóló rẹ̀. Nígbà tó fọ́ ọ, ó ní ẹja lòun fẹ́ rà, ẹja tá a máa máa wò, kì í ṣe èyí tá a máa sè. Èmi ni mo ra táńkì gíláàsì fún un: gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, fífẹ̀ rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Lọ́jọ́ kan náà la ra goldfish mẹ́ta, neon tetra mẹ́jọ, àti oscar kékeré méjì tí gígùn wọn ò ju ìka àárín mi lọ. Ẹni tó tà wọ́n fún wa ní kò sí wàhálà, gbogbo wọn ló máa bára wọn gbé. A délé, a pọn omi kún un, a da gbogbo wọn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tetra mẹ́jọ ti di mẹ́fà. A wá òkú, a ò rí. Lọ́jọ́ kẹta, omi ti funfun bí omidùn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, wọ́n mú iná lọ, wọn ò sì dá a padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tá a jí, àwọn goldfish ti wà lójú omi, wọ́n ń yanu. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, oscar kan ṣoṣo ló kù.

Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kí la ṣe fún wọn?"

Mi ò rí èsì fún un. Èsì tí mo wá rí lẹ́yìn tí mo kàwé dáadáa ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ilé kan, ṣaláńgá kan

Ẹ fojú inú wo ilé tí ayálégbé mẹ́tàlá ń gbé, tó jẹ́ ṣaláńgá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí ẹnikẹ́ni kì í kó o. Bí táńkì tuntun ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú omi tí ẹja ti ń mí náà ló ń yàgbẹ́ sí.

Ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù máa ń di amóníà. Kódà, ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú amóníà ara rẹ̀ ń gbà jáde. Májèlé ni. Ibi tó gbà jáde yẹn náà ló máa ń bó bí ó bá pọ̀ jù nínú omi.

Nínú odò tàbí adágún, omi pọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ agbálẹ̀. Àwọn kan, irú bíi Nitrosomonas, ń sọ amóníà di nitrite. Nitrite náà ṣì burú, torí ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn. Àwọn mìíràn, irú bíi Nitrospira, á wá sọ nitrite di nitrate. Nitrate ò fi bẹ́ẹ̀ léwu bí kò bá pọ̀ jù. Ewéko inú omi máa ń lò ó, àwa náà sì lè dín in kù tá a bá ń pààrọ̀ omi.

Àwọn agbálẹ̀ wọ̀nyí kì í délé lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú fóòmù fílítà àti lára òkúta ìsàlẹ̀ táńkì. Èmi da ẹja mẹ́tàlá sínú ilé tí agbálẹ̀ kankan ò tíì dé. Omi funfun tá a rí yẹn, àmì ni pé inú omi ò tíì tòrò.

Ẹja mélòó ni omi yín lè gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 60 lọ́nà 30 lọ́nà 30 jẹ́ 54,000. Ẹ fi 1,000 pín in, ó di lítà 54. Ẹ yọ ti òkúta àti àyè tá a fi sílẹ̀ lókè kúrò, omi tó wà níbẹ̀ gan-an ò ju nǹkan bíi lítà 45 lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi gígùn ẹja ṣírò iye tí omi lè gbà. Ọgbọ́n yẹn máa ń tanni jẹ. Ẹ mú páálí ìṣáná kan. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ òmíràn tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, páálí mẹ́jọ lẹ máa lò, kì í ṣe méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja. Èyí tó bá fi ìlọ́po méjì gùn ju èkejì lọ, tí ìrísí wọn sì bára mu, máa wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Oúnjẹ rẹ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀ náà máa pọ̀ sí i.

Oscar tó bá dàgbà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Fífẹ̀ táńkì wa nìyẹn! Kò ní lè yí padà dáadáa níbẹ̀. Goldfish náà ń dàgbà kọjá sẹ̀ǹtímítà 15. Torí náà, bí ẹja ṣe máa tóbi tó ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ ooru náà tún wà níbẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tó lè gbà ń dín kù. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní 30°C, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7.5. Ní ilẹ̀ wa níbí, tí oòrùn kì í ṣeré, omi inú yàrá lè sún mọ́ 30°C dáadáa. Bí iná bá wá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, táńkì tí èrò kún máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹja bá kéré níye, ọ́síjìn tó wà nílẹ̀ lè gbé wọn dàárọ̀. Iná tó lọ lóru ọjọ́ yẹn kọ́ ló pa goldfish wa o. Èmi tí mo kó èrò jọ ni.

Ìwà jọ̀wà

Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Kẹ́ ẹ tó da ẹja méjì pọ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin:

1. Ṣé omi kan náà ló bá wọn lára mu? Goldfish fẹ́ràn omi tútù, nǹkan bíi 18 sí 22°C. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ agbègbè Amazon ni neon tetra ti wá. Ẹja adágún Malawi fẹ́ omi tó le, tí kò ní kíkan. Ẹ ò lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn nínú táńkì kan.

2. Ṣé ẹnu ọ̀kan gba èkejì? Bó bá gbà á, oúnjẹ lẹ rà fún un. Ibi tí tetra méjì wa lọ nìyẹn.

3. Ṣé oníjà ni? Akọ betta méjì ò lè gbé pọ̀, wọ́n lè bára wọn jà títí ọ̀kan á fi kú. Tiger barb máa ń já lẹbẹ́ ẹja tó bá ń wọ́ ọ bí agbádá.

4. Ṣé ó lè dá gbé? Neon tetra kì í fẹ́ dá wà. Bí wọn ò bá pé mẹ́fà ó kéré tán, ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọn ò sì ní jẹun dáadáa.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan lẹja aláràbarà ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní krib (Pelvicachromis pulcher), tí àwọn èèyàn ń sìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti ṣẹ̀ wá. Kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ikùn abo rẹ̀ sì máa ń pọ́n gan-an bó bá fẹ́ yé ẹyin. Àmọ́ bó bá ti bímọ tán, kò ní jẹ́ kí aládùúgbò kankan sún mọ́ iwájú ilé rẹ̀.

Bá a ṣe tún un bẹ̀rẹ̀

Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan tí táńkì rẹ̀ tóbi dáadáa ní oscar tó kù. Òun náà fún mi ní fóòmù kékeré láti inú fílítà rẹ̀, agbálẹ̀ ti kún inú rẹ̀. A rọ omi sí táńkì, a fi fóòmù yẹn sí fílítà wa, a sì ń wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kí àwọn agbálẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, omi lásán là ń wò. Àbúrò mi bínú títí.

Lẹ́yìn tá a yẹ omi wò, tí a ò rí amóníà tàbí nitrite níbẹ̀ mọ́, a ra neon tetra mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a ra mẹ́rin sí i. A dúró síbẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà. Omi tá a bù jáde nínú táńkì la fi ń ṣan fóòmù, a kì í fi omi ẹ̀rọ tó ní chlorine fọ̀ ọ́, torí ó lè pa àwọn agbálẹ̀ wa.

Oṣù keje rèé. Láràárọ̀ kí àbúrò mi tó lọ síléèwé, ó máa ń kà wọ́n: oókan, eéjì, títí dé ẹẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní àyè ṣì pọ̀ nínú omi, ṣé ká ra goldfish kan sí i? Kí n tó lanu, òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn: "Rárá o. Ilé ti kún."